Bẹ́ẹ̀dì Tó Gbé Àna Mi Mì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rù kò ba òun rí, ẹ bi í bóyá òun àti àna rẹ̀ ti jọ gba yàrá kan ní òtẹ́ẹ̀lì rí. Èmi ti gbà á. Mo ti sun orí igi mọ́jú rí ní oko kan lọ́nà Ìgbàyè, nígbà tí ejò gba abà mọ́ mi lọ́wọ́. Ejò náà gùn débi pé orí rẹ̀ ti dé ìdí ààrò kí ìrù rẹ̀ tó wọlé. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọdé nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọmọbìnrin mi ló bímọ sí Kánò. Ará Inísà ni èmi, bàbá ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ará Òkukù. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra. Bí ìyàwó mi bá gbé ẹ̀kọ kaná nígbà tí mo ń jáde, mo lè dé Òkukù kí àna mi, kí n sì padà wá bá ẹ̀kọ náà ní gbígbóná. Rélùwéè tó ń lọ Kánò, ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbà kọjá. Àmọ́ láwọn ọdún yẹn rélùwéè ti darúgbó: ó lè dé lónìí, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ni ọkọ ọmọ mi bá fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù méjì ránṣẹ́, ó ní kí àwa bàbá méjèèjì wá sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé. Ẹni tó ń lọ òkè ọya, wọ́n ní kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ Èkó. A wọ mọ́tò ní Ìkìrun, a kọ ẹ̀yìn sí Kánò, a ní Kánò là ń lọ.

Àna mi yìí ga, ó gbẹ bí igi àgbàdo, ó sì dàgbà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọmọ fún wọn, nítorí náà òun ló ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, níbi gbogbo. Ní gáréèjì Ìkìrun, ó dọ̀bálẹ̀ sínú epo mọ́tò. Ní pápákọ̀ òfurufú, nígbà tí mo ti ilé ìtọ̀ dé, ó tún nà gbalaja. Òyìnbó kan tó ń kọjá rò pé ó ṣubú ni, ó sáré wá gbé e.

Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin àna mi. Ṣebí a ti kíra láàárọ̀."

Ó ní, "Ẹni tó fún wa níyàwó, ìkíni rẹ̀ kì í tán."

Ọyẹ́ ọdún náà burú. Wọ́n ní eruku ti bo Kánò, bàálù ò ní rí ibi tí yóò balẹ̀ sí. A jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan tó wọ síkẹ́ẹ̀tì pupa wá kó gbogbo èrò Kánò jọ, ó ní kí a bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á gbé wa lọ òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, bàálù di ọ̀la.

Ọ̀fẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ní Inísà, ẹni tó bá ń bọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá jẹ́ ìyá rẹ, a jẹ́ pé ó fẹ́ fi ọ́ ṣọdún Iléyá.

Wọ́n ní yàrá ò tó, méjì-méjì la máa wọ̀ ọ́. Wọ́n fún èmi àti àna mi ní kọ́kọ́rọ́ kan, wọ́n tì wá sínú àpótí irin kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ dé. Lífítì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó gbéra, ikùn mi kù sílẹ̀.

Àna mi di apá mi mú. "Ẹ̀yin àna mi, ṣé a ti ń fò lọ Kánò nìyí?"

Mo ní, "Rárá o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kọ́ wa ni. Tọ̀la ló máa ga."

Yàrá náà tutù ju ìta lọ. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri tó ń fẹ́ ọyẹ́ sí wa lára, a ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ ìwé gẹ̀ẹ́sì kan mọ́bẹ̀, àwòrán ọkùnrin kan tó ń sáré bọ́ sórí àtẹ̀gùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ò ní ojú, kò ní imú.

"Kí ló ń lé e?" àna mi bi mí.

Sítáńdáàdì kejì ni mo kà dé, gẹ̀ẹ́sì ìwé yẹn sì ti kọjá ibẹ̀. Mo ní, "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà. Bí a bá kọ ebè sórí rẹ̀, iṣu tó máa hù níbẹ̀ á bọ́ wa dé ìgbà òjò. Àna mi ní òun ò jẹ́ bá bàbá ìyàwó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn kan, ilẹ̀ lòun máa sùn. Mo ní, "Ẹ má sùn nílẹ̀ o." Bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tí a bá sọ fún a kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, a kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, a sì sùn nílẹ̀. Èyí ò kọ̀ rárá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá wa," ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn gbọọrọ sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Inú bí mi. Mo fẹ́ sun bẹ́ẹ̀dì yẹn ní èmi nìkan, kí n lè ròyìn rẹ̀ nílé. Mo bá fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ̀yin àna mi, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa òtẹ́ẹ̀lì tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń gbé èèyàn mì?"

"Rárá o."

"Ẹ ò gbọ́? Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Inísà." Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, nítorí èmi ni mo sọ fún wọn. "Èkó níbí náà ni. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ múlọ́múlọ́. Bí àlejò bá ti sùn wọra, wọ́n á tẹ nǹkan kan nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì á yanu láàárín. Wọ̀ọ̀! Ó di inú kànga. Bẹ́ẹ̀dì á tún ẹnu pa dé, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun lé e pẹrẹsẹ, ó di ti àlejò mìíràn."

Ó gbé orí sókè. "Bí gbogbo wọn bá wà nínú kànga, ta ló jáde wá sọ ọ́?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ ìtàn náà, ẹnikẹ́ni ò bi mí léyìí rí. Mo ní, "Ọ̀kan sanra jù nínú wọn. Ó há."

Àna mi wo bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí. "Ọlọ́run á ṣọ́ wa," ló wí. Ó fi aṣọ borí, ó kọjú sí ògiri, kò sì kúrò níbẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dùbúlẹ̀ sí etí kejì, tí irọ́ mi sì wá jókòó lé mi láyà. Mo sọ fún ara mi pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ara mi ò gbọ́. Mo ní kí n kúkú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò ní abẹ́! Nílé wa, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló ní abẹ́, ibẹ̀ là ń kó iṣu sí. Tibí yìí, pákó ni wọ́n fi dí i yíká dé ilẹ̀. Kí ni wọ́n wá dí síbẹ̀? Mo lu pákó náà. Ó dún bí ìkòkò òfìfo.

N kò mọ bí oorun ṣe jí mi gbé. Nígbà tí mo lajú, iná ti lọ, ẹ̀rọ ọyẹ́ ti dákẹ́, òkùnkùn ṣú bí inú ihò. Mo na ọwọ́ sí ibi tí àna mi wà.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo ra ibẹ̀ lọ, mo ra ibẹ̀ bọ̀. Ó tutù. Aṣọ funfun náà sì wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kò ká, kò wé, bí ẹni pé èèyàn ò sùn síbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà.

N kò mọ ìgbà tí mo dé orí tábìlì. Mo kàn rí i pé mo wà lórí tábìlì, mo sì fi irọ̀rí bo àyà. Nígbà tí mo sọ̀, ẹsẹ̀ mi kan sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Mo fọwọ́ wá ilẹ̀kùn: ó tì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀, nínú. Ẹni tí kò gba ẹnu ọ̀nà jáde, ibo ló gbà?

Òkukù ni mo wá rò. Tí mo bá dé Inísà láàárọ̀, wọ́n á ti dé ilé mi kí n tó bọ́ bàtà. Ìyá ọkọ ọmọ mi, àwọn àbúrò rẹ̀, gbogbo agboolé. "Ẹ jọ lọ ni, ẹ̀yin nìkan lẹ bọ̀." Kí ni mo máa ní ó gbé e? Bẹ́ẹ̀dì? Ta ló sì máa gbà mí gbọ́, èmi tí wọ́n mọ̀ dáadáa? Ọmọ mi á di ọmọ apààyàn nílé ọkọ, bí ọmọ náà ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìtíì lórúkọ.

Balùwẹ̀ tó wà nínú yàrá náà ló kù. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ṣí. Mo kàn án. Mo tún kàn án. Mo ní, "Ẹ̀yin àna mi!" Kò sí èsì. Mo leti mọ́ pákó. N kò gbọ́ kí èèyàn mí.

Mo bọ́ sórí àtẹ̀gùn láìwọ bàtà, mo sáré bí ọkùnrin inú àwòrán yẹn. Nísàlẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ti ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀dì yín ti gbé àna mi mì!"

Ó la ojú kan. "Bàbá, kí lẹ mu?"

"Omi!"

"Irú omi wo? Ẹ̀yin ará oko yìí, ọ̀fẹ́ lẹ bá pàdé, ẹ mu ún yó."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, bí o bá ti jẹ èèyàn, pọ̀ ọ́!"

Ló bá rí i pé òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Ó kó kọ́kọ́rọ́, ó gbé fìtílà, a gun òkè. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí balùwẹ̀, ó na fìtílà wọlé. Ọpọ́n ìwẹ̀ funfun kan wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ tó pósí. Àna mi wà nínú rẹ̀. Ó na gbọọrọ, ó fi agbádá funfun rẹ̀ wé ara láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó ká ọwọ́ lé àyà, ojú rẹ̀ padé.

Ọkùnrin yẹn lọgun, ó sá sẹ́yìn mi.

Mo ní, "Fọwọ́ kàn án."

"Àna ta ni? Ẹ̀yin ẹ fọwọ́ kàn án!"

Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù bí òkúta odò. Èmi tí mo fọmọ fún wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì balùwẹ̀, mo ń sunkún. "Ẹ̀yin àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mí báyìí. Irọ́ ni mo pa. Bẹ́ẹ̀dì kankan ò gbé èèyàn mì rí. Mo fẹ́ kí ẹ sùn nílẹ̀ ni. Ẹ dìde, kí n má baà fi ọwọ́ òfìfo dé Òkukù."

Òkú la ojú kan. Ó rí bàbá ìyàwó nílẹ̀ níwájú òun.

"Yéè! Èèwọ̀!" Ó fò dìde láti dọ̀bálẹ̀ padà, agbádá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó já lé mi lẹ́yìn. Kò sí ìwúwo tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ tí mo ń kànlẹ̀kùn ni?"

Ó ń tú agbádá kúrò lẹ́sẹ̀. "Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé àwọn ará kànga ni. Mo ní wọ́n ti gbé yín mì, ó wá kàn mí. Mo wá ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ohùn yín pè mí. Ta ló ń dáhùn ìpè òru? Mo bá di èémí mú."

"Kí ló dé tí ẹ ò kúkú sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Báwo ni n ó ṣe sọ fún àna pé mi ò lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Mo tún aṣọ tẹ́ dáadáa, kó má dà bíi pé inú ló bí mi."

Ọkùnrin òtẹ́ẹ̀lì ti rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sí etí ọpọ́n. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí a lọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wa, ó gbé fìtílà rẹ̀, ó lọ.

Mo sọ fún àna mi lẹ́ẹ̀kan sí i pé irọ́ ni. Ó mi orí. "Ẹ fẹ́ fi ọkàn mi balẹ̀ ni. Ẹ ṣeun." Ó wo bẹ́ẹ̀dì náà láti ẹnu ọ̀nà. Èmi náà wò ó. N kò lè sún mọ́ ọn. Irọ́ náà kì í ṣe tèmi nìkan mọ́.

A tẹ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a fẹ̀yìn ti ara wa nínú òkùnkùn. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń gún mi. Nígbà mìíràn èémí rẹ̀ a lọ sílẹ̀, n kò ní gbọ́ ọ, àyà mi a já.

"Ẹ̀yin àna mi?"

"Mo wà níbí."

Ó ṣe díẹ̀. "Ẹ̀yin àna mi?"

"Mo wà níbí, bàbá wa."

Nígbà tó yá, oorun fẹ́ gbé mi, mo sì dákẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà.

Ó ní, "Ẹ máa pè mí o. Ẹ má dákẹ́."