Ọjọ́ Tí Páànù Gbé Làmídì

Bí ẹ bá rí mi tí mò ń so iwájú ẹrù mọ́ mọ́tò kí n tó so ìdí rẹ̀, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tójú mi rí lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló fà á.

Èmi àti Làmídì jọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà l'Ọ́yọ́ ni. Kò pẹ́ tí ọ̀gá dá wa sílẹ̀ ni ìjọ Aládùúrà kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní ká ṣe ìbòrí sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà àwọn. Ọ̀yọ́ la ti kan páànù mọ́ férémù igi. Ó fẹ̀, ó sì fúyẹ́. A gbé iwájú rẹ̀ lé òrùlé ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó, a fi okùn so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì, okùn bá tán. Bọ̀dá Sọ́jà, dẹ́rẹ́bà wa tó ti ja ogun dé Bọ́mà, ní kí Làmídì gun orí páànù kó jókòó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Làmídì sanra ju gbogbo wa lọ. Ta ni yóò rò pé atẹ́gùn lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Èmi jókòó sábẹ́ páànù, láàárín ayùn àti òòlù. Níbi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀, mọ́tò ń sáré, atẹ́gùn ń bọ̀ wá pàdé wa. Àfi bí iwájú páànù ṣe dìde! Ojú ọ̀run là sí mi lórí. Gbogbo páànù kúrò lára lọ́rì, okùn ẹ̀yìn nìkan ló dì í mú, ìka Làmídì sì há mọ́ etí rẹ̀. Mo lu orí mọ́tò, mo ké sí Bọ̀dá Sọ́jà pé kó tẹ bíréèkì. Kò tẹ̀ ẹ́. Mo gbàgbé pé ó jù mí lọ, mo bú u tìyátìyá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dín eré kù, títí páànù fi rọra bà padà sáyè rẹ̀.

Nígbà tí mọ́tò dúró, ńṣe la tú ìka Làmídì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bọ̀dá Sọ́jà ní òun ti rí irú rẹ̀ lójú òkun nígbà ogun. Bí bàálù bá fẹ́ gbéra lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé bàálù ogun, ọkọ̀ náà á kọjú sí atẹ́gùn, á máa sáré, kí atẹ́gùn lè ti pọ̀ lára apá bàálù kó tó rìn jìnnà. Apá náà á gbé imú sókè díẹ̀, bí páànù wa. Atẹ́gùn abẹ́ á máa tì í, ti òkè á máa fà á. Ó ní ká ní òun tẹ bíréèkì lójijì ni, Làmídì ì bá ṣáájú wa dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Làmídì gbọ́ ọ délẹ̀. Ó wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti mọ gbogbo èyí kẹ́ ẹ tó ní kí n gun orí ẹ̀?"

Bọ̀dá Sọ́jà wo páànù náà sókè sódò.

"Mo mọ̀ ọ́n fún bàálù. Mi ò mọ̀ pé páànù náà gbọ́."

Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó ní ká wọlé ká máa lọ. Ìgbà yẹn lẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bà mí gan-an.