Ìbínú Onírin Lọ́jọ́ Ìbí Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onírin. Wẹ́dà ni, géètì àti fèrèsé onírin ló ń ṣe. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, apá rẹ̀ kún fún àpá iná, bó bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú yàrá á ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹni tó bá rí i níbi iṣẹ́, pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú, tí iná ń ta pàrà yí i ká, kò ní gbà pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bó bá délé, tó wẹ̀ tán, tó bọ́ sórí àga rẹ̀ tó ti jìn láàárín, ohun méjì ló máa ń ṣe: á máa fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun òwú, á sì máa wo eré ayé àtijọ́ lórí tẹlifíṣàn. Àwọn eré tí ọba ń gun ẹṣin, tí olorì ń wọ́ aṣọ nílẹ̀, tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ àṣírí, tí ẹlòmíì sì ń yọ́ gbọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Èyí tó ń wò lọ́wọ́ dá lórí olorì kan tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn àbúrò ọkọ fẹ́ lé jáde láàfin. Onírin gba ọ̀rọ̀ olorì yìí kanrí. Nígbà mìíràn, bó bá ń lu irin, á máa ṣépè fún àwọn àbúrò ọkọ náà lábẹ́ èémí.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀, tó sì bọ́ sí Sátidé, ó pe ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe.

"Mi ò fẹ́ àlejò," ló wí. "Mi ò fẹ́ orin, mi ò fẹ́ ẹni tó máa dìde dúró sọ pé èèyàn rere ni mí. Wọ́n fẹ́ fi eré olorì yẹn hàn lórí tẹlifíṣàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti Jímọ́ títí di Sọ́ńdè. Èmi àti ìwọ la jọ máa wò ó. Ọjọ́ ìbí mi nìyẹn."

"Ẹ ti yanjú ẹ̀ nìyẹn," ni Tíṣà wí. "Èmi náà á sinmi ìdáná."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Jímọ́. Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n jẹ, wọ́n na ẹsẹ̀, Onírin sì hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé ìdajì. Ó ní òun ò rántí ìgbà tí ara ti rọ òun tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Sátidé ló bà á jẹ́. Onírin ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń ta fóònù, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé Aláwàdà ni wọ́n ń pè é. Onírin ló tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Aláwàdà gbé kéèkì wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló gbà wọlé, kò kan ilẹ̀kùn, nítorí ilé ara rẹ̀ náà ni. Ibi tí olorì ti ń sin ọmọ rẹ̀ kékeré ni eré dé lásìkò yẹn. Onírin ti ró ìró Tíṣà kan tó ti gbó mọ́ àyà nítorí ooru, òwú wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń hun nìṣó, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò tiẹ̀ nù ún. Aláwàdà dúró lẹ́yìn, ó yọ fóònù, ó ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ọjọ́ ìbí, ó jẹ nínú kéèkì tó gbé wá, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tó lọ ni fóònù Onírin bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kápẹ́ńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ pè.

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, ìyá àgbà," ló wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kú láàfin?"

Onírin ò mọ ohun tó ń sọ. Tíṣà ló ṣí fóònù tirẹ̀, tó bá fídíò náà lójú ìwé ẹgbẹ́ àdúgbò wọn lórí fóònù. Aláwàdà ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Lójú agbo, kìnnìún; nílé, ìyá arúgbó. Kí Tíṣà tó mọ̀, ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti gbọ́.

"Ìwọ náà," ni Onírin wí.

"Ẹ má bínú. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni."

Onírin gba fóònù náà. Ó wo ara rẹ̀ nínú fídíò yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀, ìró tó ró, omijé, ó sì wo iye èèyàn tó ti rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Oníbàárà tó ń ṣe géètì fún lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Ó pa tẹlifíṣàn. Tíṣà ní kó jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná, pé ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?" ló wí. "Ẹsẹ̀ mi nìyí. Ó máa gbé mi dé ilé ẹ̀ lọ́la."

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti sún mọ́ ìbí, ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí i, ojú sì ń tì í.

"Bọ̀dá mi, mo sọ fún wọn lánàá pé kò dáa. Wọ́n ní ẹ̀yin náà máa rẹ́rìn-ín ni."

"Lọ pè é, ìyàwó mi. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan."

Aláwàdà jáde, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bọ̀dá, àwàdà ni o. Gbogbo èèyàn ló ní ẹ wu àwọn."

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn pa mí lẹ́rìn-ín ni, pé ọkùnrin bíi tiyín, ẹ wá di abẹ́rẹ́ mú, ẹ tún ń sunkún. Mo ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò."

"Yọ ọ́ báyìí, níṣojú mi."

Ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹyin ti fọ́; fídíò náà ti wà lọ́wọ́ àwọn tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n ọkọ òun jókòó mu tíì. Onírin ní òun ò wá mu tíì. Ó yíjú padà sí àbúrò rẹ̀.

"Súwẹ́tà tó o wọ̀ lọ síléèwé nígbà òtútù, tó láwọ̀ sánmà, tó ní ìlà funfun lọ́rùn, ta ló hun ún?"

"Màmá wa ni."

"Ọwọ́ màmá wa ti gan nígbà yẹn. Kò lè di ṣíbí mú. Orí ibùsùn ló dùbúlẹ̀ sí tó ń júwe fún mi. Mo máa ń bọ̀ láti ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, ìka mi á ti bó, mo máa hun ún, á ní kò dáa, mo máa tú u, mo tún máa hun ún. O wọ̀ ọ́ lọ, o ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ pé ìyá ẹ ló hun ún."

Aláwàdà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ìyá wa lo fẹ́ kó hun ún. Mo fi í sílẹ̀ fún ẹ bẹ́ẹ̀."

Ni Aláwàdà bá dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà. Onírin rò pé bó bá dọ̀bálẹ̀, ìbínú òun á rọ̀. Kò rọ̀. Ńṣe ló tún le sí i, nítorí ó wá rí i pé àfi ìgbà tí súwẹ́tà kan jẹ́rìí òun ni ọmọ yìí tó lè bọ̀wọ̀ fún òun. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Nílé, Tíṣà ti ń dúró dè é. Kò tan tẹlifíṣàn. Ó ní, "Ẹ̀rín mi àná, mi ò ní àwáwí kankan. Ẹ jọ̀ọ́." Èyí wọ Onírin lára ju ìdọ̀bálẹ̀ àbúrò rẹ̀ lọ. Wọ́n jọ wo ìyókù eré náà, ṣùgbọ́n ó ń bínú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá olorì náà borí.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó gbé òwú rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Kì í ṣe pé ó ń fi ṣe fàájì. Ìbínú ló fi ń hun ún, ó ń fa òwú náà bíi pé ó ń fi de èèyàn. Kápẹ́ńtà sún mọ́ ọn, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣeun," ni Onírin wí, kò gbójú sókè. "Bó o bá rẹ́rìn-ín tán, bá mi gbé irin yẹn kúrò lójú ọ̀nà."

Kápẹ́ńtà gbé irin náà. Ní ọjọ́ kejì ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gùn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Ní ti Aláwàdà, ó ń pè, ó ń wá, ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lemọ́lemọ́. Onírin ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò tíì ní kó jókòó. Lọ́jọ́ kan Tíṣà rán an létí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, òsì la fi ń fà á mọ́ra.

"Mo mọ̀," ni Onírin wí. "Ọwọ́ òsì náà ń bọ̀. Ó ṣì ń bínú lọ́wọ́ ni, má kán an lójú."