Oríkèé Tí A Mọ̀ọ́mọ̀ Bà Jẹ́

Iṣẹ́ igi ni mo fi tọ́ ọmọ, òun ni mo fi kọ́lé, òun náà ló sì sọ èjìká mi ọ̀tún di ibùgbé ìrora. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó ilẹ̀kùn tí a ti ṣe tán wọ Èrúwà láti Ìbàdàn ni àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi ti ń dín kù bí omi odò nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tó bá sì tún yà, á fẹ́ kí ilẹ̀kùn òun jáde lọ́jọ́ kẹta. Ìfági ọwọ́ ni mo fi ń fá pákó. Ilẹ̀kùn kan a máa gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, èjìká mi a sì máa bá mi wíjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀.

Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ti tú ká. Àwọn kan ń gun ọ̀kadà, àwọn kan wà ní Èkó tí wọ́n ń ṣe ohun tí n kò mọ̀. Ẹyọ ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan láti abúlé tó wà lọ́nà Láńlátẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni bàbá rẹ̀ ní kó lò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún mẹ́rin náà pé.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ kì í kàn ṣiṣẹ́ títí kó sì rìn lọ. Ọjọ́ kan wà tí à ń pè ní fírídọ̀mù. Àwọn òbí ọmọ á pe ènìyàn jọ, àlùfáà á gbàdúrà, ọ̀gá á fi irinṣẹ́ kan lé ọmọ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ìjókòó, á ní mo tú ọ sílẹ̀, máa lọ jẹun nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kí ọjọ́ náà tó pé, bó ti wù kí ọwọ́ ọmọ mọ́ iṣẹ́ tó, kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹnu ọ̀gá ló so ó mọ́lẹ̀, ẹnu ọ̀gá náà ni yóò tú u.

Alága ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ igi ló mú ìròyìn náà wá bá mi. Ó ní ìjọba fẹ́ fún àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ní owó ìrànwọ́, pé ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ yóò rí ohun tó tó ra ẹ̀rọ.

“Ẹ̀rọ ìfági, Bàbá,” ó ní. “Ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni, á dún wùù, pákó á dán bí orí mi yìí.”

“Orí tìrẹ tó kún fún kókó yẹn? Ẹ̀rọ tó bá fá igi báyẹn, mo máa dá a padà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò. Ọmọ iṣẹ́ náà gbọdọ̀ ṣì ní ọ̀pọ̀ oṣù nílẹ̀ tí yóò lò lọ́dọ̀ ọ̀gá, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò sì wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

“Tiyín ti fẹ́ parí,” ó ní. “Ẹ ò ṣe ní kó ṣì dúró ná? Ẹ ní oṣù mẹ́fà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lò. Ta ni yóò mọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà bá mi gbé. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń purọ́, ṣùgbọ́n èjìká mi kò tíì dàgbà kọjá ìrora. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ náà kò bá wá, n kò ní pẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé bàbá ọmọ náà.

Mo bá a níbi tó ti ń tu pákí. Àgbò fírídọ̀mù ọmọ rẹ̀ wà ní ìdí igi máńgòrò, ó sanra, ó ń wo èmi náà bí àlejò tí kò níláárí. Mo rojọ́ mi. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ọmọ,” ó ní. “Ọjọ́ tí mo fà á lé yín lọ́wọ́ ni mo ti yọ ọwọ́ tèmi. Àgbò yìí nìkan ni mo ń rò. Ó ti mọ̀ pé ọjọ́ òun kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá ń jẹ pákí mi bí àna tuntun. Bí ẹ bá tún fi oṣù mìíràn kún un fún un, èmi ni yóò fi ṣe àjẹkẹ́yìn.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síbi iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó sì sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. “Ọkùnrin kan ń kọ́lé ní Láńlátẹ̀. Ó ní tí ọmọ náà bá ti gba fírídọ̀mù, òun á gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́jọ fún un. Kò lè dúró pẹ́, òjò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà lè lọ. Iṣẹ́ kì í tán láyé.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn mẹ́jọ. Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo gun ọ̀kadà padà.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé kó ṣì dúró, kó sì ní oṣù mẹ́fà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, ó kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ló sọ. N kò rí ohun tí mo ṣe tí ọpẹ́ fi tọ́ sí mi níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Obìnrin ni, kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, eruku ọ̀nà wa ti sọ bàtà rẹ̀ di pupa. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le fún mi.

“Báwo lo ti ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ yìí?” ó bi ọmọ náà.

“Oṣù mẹ́fà ni, mà,” ó dáhùn. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Ó dára. Ṣe oríkèé kan kí n rí i, kí n ya fọ́tò rẹ̀.”

Oríkèé ni ibi tí igi méjì ti pàdé. A ó gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu ọ̀kan, a ó dá ihò sí ara èkejì. Bí ahọ́n bá wọ ihò bó ti yẹ, igi méjèèjì á di ọ̀kan láìsí ìṣó. Òun ni mo kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ, òun náà ni mo sì fi ń mọ̀ pé ọmọ ti mọ iṣẹ́. Ọmọ yìí lè ṣe é kí n tó jẹ ẹ̀kọ kan tán.

Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà, ìlà náà tọ́ bí ọfà. Ó mú ayùn. Mo rí i kedere tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ayùn náà kọjá ìlà. Ó gé ahọ́n náà tín-ín-rín, ó fẹ ihò rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó sì tì í wọlé. Ó ń mì nínú ibẹ̀ bí eyín arúgbó. Igi ìrókò gidi ni, mo ti tọ́jú rẹ̀ tipẹ́. N kò rán an ní ìyẹn. Irọ́ oṣù ni mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi pa. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó pé irọ́ tí ẹnu bá pa, ọwọ́ ní láti jẹ́rìí sí i.

Obìnrin náà gbé oríkèé náà, ó mì í, ó yà á ní fọ́tò. “Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn nìyí? Oṣù mẹ́fà kì í ṣe kékeré.”

Kí n tó lanu, ọmọ náà ti dá a lóhùn. “Ẹ̀bi tèmi ni, mà. Orí mi ni kì í tètè gba nǹkan. Bàbá ń kọ́ mi dáadáa.”

Àwọn tó bí wa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọ yìí ń fi ọwọ́ òsì júwe ara rẹ̀ kí ilé tèmi má baà wó. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà, èmi náà ni mo pọn ọmọ tí orí rẹ̀ fi wọ́. N kò sì ní sọ pé òdodo nìkan ló mú mi sọ̀rọ̀. Ìgbéraga wà níbẹ̀. N kò lè fara da kí wọ́n gbé àwòrán irú oríkèé bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n ní abẹ́ ọwọ́ mi ló ti jáde.

“Mú igi mìíràn,” mo wí fún ọmọ náà.

“Bàbá.”

“Mo ní kí o mú igi mìíràn. Ṣe é bí o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ó wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú igi. Nígbà tó ṣe tán, ó di ọ̀kan mú, ó gbé e sókè, èkejì tẹ̀ lé e bí ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ lé apá. Obìnrin náà fi èékánná wá ojú ìpàdé igi méjèèjì, kò rí i.

“Èyí kì í ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà,” ó ní.

“Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ló yẹ kó gba fírídọ̀mù. Èmi ni mo dá a dúró.”

“Ṣé ẹ ní ọmọ iṣẹ́ mìíràn, Bàbá?”

“Òun nìkan ni.”

Ó pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́ níṣojú mi. “Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe ètò yìí fún,” ó ní. “Ẹ̀yin ti kọ́ ọ tán.”

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Mo ti ronú lórí gbólóhùn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà: wọ́n ń ran ẹni tó ń kọ́ni lọ́wọ́, wọn kò sì ní ìlà kankan lórí ìwé fún ẹni tó kọ́ni tó fi tán. N kò bá ẹnikẹ́ni bínú. Ẹni tó bá ti rẹ̀ kì í rí okun bínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà pé, a pa àgbò. Bàbá ọmọ náà ní ẹran rẹ̀ ń ta sánsán pákí, ó sì bu kún àwo mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìfági tí ọ̀gá tèmi fi tú mi sílẹ̀ ni mo fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Mo ní òmíràn nílé, ṣùgbọ́n kò dà bí ìyẹn.

Ọmọ náà kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí pákó ilẹ̀kùn Láńlátẹ̀ dé, abẹ́ òrùlé mi ló kó o sí. Oríkèé tó bà jẹ́ wà níbẹ̀ títí di òní. Mo fi há abẹ́ ẹsẹ̀ kan tábìlì iṣẹ́ mi tó ti ń mì tipẹ́. Orí tábìlì náà ló gbé pákó àkọ́kọ́ lé. Pákó náà gùn, ẹnì kan kò lè dá a mú, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ kankan láàárín àwa méjèèjì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìdí rẹ̀ mú.”

Mo dì í mú.

“Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i.”

Mo fi ọwọ́ òsì gbé e, nítorí èjìká mi.