Àmì Epo Méje

Ìwé kan wà ní ilé ìkówèésí ńlá kan ní Àjàṣẹ́, nínú àpótí páálí tí wọ́n kọ orúkọ bàbá mi àgbà sí lára. Ojú ewé méjì péré ni. Ó mọ́ tónítóní, àwọn ìlà rẹ̀ gún, kò sí ibi tí wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Gbogbo ìwé yòókù nínú àpótí náà, bàbá àgbà ló kọ wọ́n. Èmi ni mo kọ ìyẹn, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, mo sì rò pé iṣẹ́ rere ni mo ṣe. Ìwé yẹn ló gba oko ọ̀pẹ wa lọ́wọ́ wa.

Bàbá àgbà ṣe akọ̀wé fún olóyè ìlú láyé àwọn òyìnbó. Ọ̀dọ̀ àwọn fadá ló ti kọ́ ìwé, ṣùgbọ́n tó bá ń kọ ti ara rẹ̀, èdè wa ló fi ń kọ ọ́. Ó máa ń kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ewé tí wọ́n fi wo ikọ́ ọmọdé, àti bí wọ́n ṣe parí ìjà láàárín ẹbí. Tí bébà bá wọ́n, á kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé owó orí, á kọ ọ́ sí ara páálí ìṣáná. Inú àpótí pákó kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka èdè wa nínú ìwé, nítorí ní ilé ìwé, Faransé nìkan ni wọ́n ń kọ́ wa. Èmi kì í sọ̀rọ̀. Tí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kàwé fún bàbá àgbà, ohùn mi máa ń jáde, òun á sì máa ké sí àwọn tó ń kọjá lójúde pé, "Ẹ wá gbọ́ o, odi ilé wa ti fọhùn!"

Ó kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fa àsíá tuntun sókè. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan wá bá wa ní Adja-Ouèrè láti Àjàṣẹ́, nínú ọkọ̀ kékeré kan tí eruku pupa ti bò. Ó ń sọ Yorùbá tí ohùn Ègùn wà nínú rẹ̀. Ó ní níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ìwé àwọn àgbàlagbà tó ti kú ni wọ́n ń kó jọ, kí ikán má baà jẹ wọ́n tán, kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí lè rí wọn kà.

Bàbá mi kò mọ̀wé rárá. Ó gbé àpótí náà jáde, ó sì jókòó lé e lórí bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

"Tí ẹ bá gbé e lọ, ṣé a ó tún fojú kàn án mọ́?"

"Ìgbà tó bá wù yín, bàbá. Tiyín ni. A kàn ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ẹ ò ní fi dáná?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Iná ni ọ̀tá mi àkọ́kọ́. Ikán ṣe ìkejì."

"Àwọn obìnrin tó ń fi ìwé di àkàrà ńkọ́?"

"Àwọn ni ìkẹta, bàbá. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ gbóògùn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó sì dìde lórí àpótí náà. Bí ó ṣe gbà nìyẹn. Àlejò náà ní òun yóò padà wá gbé e lẹ́yìn ọjà mẹ́ta. Nígbà tó lọ tán, bàbá mi pè mí jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ló máa ń pè mí láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú.

"Akọ̀wé, tún ìwé bàbá rẹ àgbà tò. Àwọn àjèjì ni yóò máa kà á. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì wá."

Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò ní ilé ìwé kí n tó padà sídìí epo pẹ̀lú ìyá mi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀, ọ̀kan ló wọ̀ mí lára jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ wa gbé kàyé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ sókè níwájú gbogbo ọmọ, ó ṣí i síbi tí ìka mi ti fi epo sí i. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ elépo." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó fi igi tí wọ́n fi ń fa ìlà na àtẹ́lẹwọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, epo lára ìwé ni ìtìjú tó tóbi jù tí mo mọ̀.

Mo jókòó ti àpótí náà fún ọjọ́ mélòó kan. Mo gbọn eruku, mo kó ti òjò sọ́tọ̀, mo kó ti ìbí àti ikú sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kan ìwé oko ọ̀pẹ wa tó wà lọ́nà Oko-Akarè. Ó kọ ibi tí ààlà ti bẹ̀rẹ̀ nídìí ìrókò, bí ó ṣe tẹ̀lé odò kékeré kan, títí dé ibi òkúta. Ó kọ orúkọ àgbàlagbà méje, ti ẹbí wa àti ti ẹbí tó bá wa pààlà. Nísàlẹ̀ pátápátá, epo ti kán sí i ní ojú méje, ó ti gba ìwé náà já sí ẹ̀yìn. Mo rí olùkọ́ náà tó tún gbé kàyé mi sókè, níwájú gbogbo Àjàṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ya ewé méjì nínú kàyé tuntun. Mo fa ìlà sí i, mo sì da ìwé náà kọ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó gbà mí ní àárọ̀ méjì. Nígbà tó gbẹ, mo fi í sí àyè ti àtijọ́. Mo sì fi ti àtijọ́ dá iná sábẹ́ ìkòkò ẹyìn ọ̀pẹ ìyá mi. Ó yára jó, nítorí epo tó wà lára rẹ̀.

Ọkùnrin náà padà wá bí ó ti wí. Ó ṣí àpótí, ó wo inú rẹ̀ pẹ́. "Ta ló tò ó báyìí? Àwọn tí a ń sanwó fún lọ́dọ̀ wa ò lè tò ó tó báyìí." Bàbá mi nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun.

Ọdún tó tó méje kọjá. Àwọn àgbàlagbà méje náà kú tán. Ẹni tó kú kẹ́yìn ni bàbá tó bá wa pààlà ní Oko-Akarè, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ti Kutọnu dé wá sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó fi ẹfun sàmì sí ara àwọn ọ̀pẹ wa. Ó ní bàbá òun kàn yá wa ní oko náà ni. Ọ̀rọ̀ dé bíró ìjọba ní Pobè. Bàbá mi mú mi dání nítorí Faransé díẹ̀ tó wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó wà níbẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ó béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ wa.

Bàbá mi dìde. "Ẹ̀rí wà ní Àjàṣẹ́. Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méje sì tẹ àtàǹpàkò epo sí i."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá mi ṣàlàyé pé tí wọ́n bá parí ìjà oko ọ̀pẹ ní àdúgbò wa, èso ara àwọn ọ̀pẹ náà gan-an ni wọ́n fi ń se epo. Ẹni tó bá jẹ́rìí á ti àtàǹpàkò bọ epo yẹn, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Tó bá purọ́, epo ilẹ̀ yẹn kò ní bá a lára mu mọ́ títí tí yóò fi kú. Àwọn obìnrin ló ń se epo náà, ṣùgbọ́n wọn kì í sí níbẹ̀ tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bá àwa obìnrin sọ ọ́.

Ọmọ tó ti Kutọnu dé náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ìwé ni àbí ọbẹ̀?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò bínú. "Ọmọ mi, ti bàbá rẹ ni ìkẹta láti ọwọ́ ọ̀tún. Òun ló fẹ̀ jù. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í tọ́ epo wò, ńṣe ló máa ń wẹ̀ nínú rẹ̀."

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó rántí pé ẹjọ́ làwọn wá ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá bíró ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ilẹ̀ ọ̀pẹ lòun náà, ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní, "Tí ìwé yẹn bá wà, ilẹ̀ tiyín ni. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kó kọ ọ́ fún wa pé òun fojú òun rí àtàǹpàkò méje. Ẹ ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Gbogbo ọ̀nà tí a fi ń padà, bàbá mi ń fẹnu súfèé. Èmi ń ka ojú epo náà lọ́kàn mi, méje ni wọ́n ń pé ní gbogbo ìgbà. Ǹ bá ti sọ ọ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ǹ bá ti sọ ọ́ nílé. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ìwé mìíràn ni mo sun.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobè lọ sí Àjàṣẹ́. Bàbá mi wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó gbé ìgò epo kan dání, èyí tí ìyá mi sè láti oko náà, láti fi ta ọkùnrin tó gbé àpótí wa lọ lọ́rẹ. Òun kan náà la bá níbẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó yọ̀ mọ́ wa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìgò náà kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ṣeun, bàbá, ṣùgbọ́n epo ò gbọdọ̀ wọ ibí. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń ṣọ́nà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín níbẹ̀ yẹn."

"Àní èmi tí mo ni ìwé?"

"Ẹnikẹ́ni, bàbá. Èmi náà ń fọ̀ ọ́."

A fọ ọwọ́. Wọ́n mú wa wọ yàrá kan tó dákẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti tẹrí sí ìwé. Ó gbé àpótí páálí náà wá, ó tú okùn funfun tí wọ́n fi dì í. Bàbá mi rí páálí ìṣáná tí bàbá àgbà kọ nǹkan sí, tí wọ́n fi bébà tirẹ̀ wé lọ́tọ̀ bí ohun iyebíye. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo wá ìwé oko, mo rí i, mo gbé e lé e lọ́wọ́, nítorí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Níbo ni epo ẹ̀ wà?"

"Epo wo, bàbá?"

"Àtàǹpàkò méje. Ẹ ti fọ̀ ọ́!"

"Bàbá, a kì í fọ ìwé níbí."

"Ọṣẹ yín tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ńkọ́? Ọwọ́ mi tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ tan bàbá mi, ẹ fọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ dànù!"

Gbogbo yàrá gbójú sókè. Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Ó gba ìwé náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mìíràn nínú àpótí, ó wo méjèèjì. Mo rí i pé ó ti mọ̀ pé ọwọ́ tó kọ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó wojú mi. Ì bá ti fi ìyẹn gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kò ṣe é. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́."

"Kí lo wí?"

"Ti bàbá àgbà ní àbàwọ́n. Mo dà á kọ kó lè mọ́. Mo fi èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ dáná."

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ níwájú àjèjì tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi jókòó. Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó fi ìka tọ àwọn ìlà tí kò lè kà, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀.

"Ó mọ́," ló wí.

Ọkùnrin náà ṣí gègé rẹ̀, ó tún dé e. Ó ní ohun tí òun bá rí nìkan lòun lè kọ. Ó kọ ọ́ pé ìwé ààlà wà, pé ọmọdé ló dà á kọ, pé kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A gbà á, a dúpẹ́, a jáde. A gbàgbé ìgò epo wa sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́nà. Nínú ọkọ̀ ojú irin, òórùn ọṣẹ ń jáde lára ọwọ́ àwa méjèèjì.

Ọ̀gá bíró ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà fún wa, ó sì fi oko náà fún ọmọ tó ti Kutọnu dé. Kí òjò tó dá lọ́dún yẹn, wọ́n ti gé àwọn ọ̀pẹ náà lulẹ̀, wọ́n dá ẹmu ara wọn, wọ́n fi pọn ọtí líle sódabì, wọ́n sì gbin àgbàdo sáàárín àwọn kùkùté. Rédíò ń sọ lásìkò náà pé ayé àtijọ́ ti lọ, pé tuntun ti dé. Bàbá mi ní, "Ó ti lọ lóòótọ́," ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní oko ẹlòmíràn. Kò bá mi wí lọ́jọ́ kan. Kò tún pè mí ní Akọ̀wé mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, lẹ́tà kan dé láti Àjàṣẹ́. Wọ́n ti to gbogbo ohun tó wà nínú àpótí bàbá àgbà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo jókòó nílẹ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi: ìwé òjò, ìwé ewé, ìwé ìbí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ìwé ààlà oko ọ̀pẹ, ọmọdé ló dà á kọ, èyí tí wọ́n dà á kọ lára rẹ̀ ti ṣègbé.

"Ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ síbẹ̀?"

"Rárá, bàbá."

"Ó dáa."

Ó ní kí n lọ fi lẹ́tà náà pa mọ́ síbi tí ìwé bàbá òun máa ń wà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Àpótí kò sí níbẹ̀ mọ́, Àjàṣẹ́ ló wà. Mo gbé lẹ́tà náà lé ilẹ̀ lásán.