Omi Tútù Tó Ń Jó Ọkọ Mi

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, lọ́jọ́ kejì tí a ti ìrìn àjò dé, Wàsíù ọkọ mi wọ ilé ìwẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ tó kígbe.

"Ṣadé, ta ló yí omi gbígbóná sí ẹ̀rọ tútù?"

Mo lọ fọwọ́ kan omi náà. Oṣù Kejì ni, ní Seat Pleasant, ìlú òyìnbó tí à ń gbé, omi inú páìpù tutù bíi yìnyín.

"Ó tutù, Wàsíù."

"Ó ń jó mi."

Ó na ọwọ́ sí mi. Kò pọ́n, kò wú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí torí mo pinnu pé n kò ní fi nǹkan kan pamọ́: mo rẹ́rìn-ín.

Oníròyìn ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó níwájú àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni ẹlẹ́rìí, n kò sì jẹ́rìí dáadáa. Nítorí ẹni tí irú rẹ̀ lè bá ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi rìn kiri àwọn erékùṣù Kàríbíà, àwa méjèèjì, pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Kí a tó lọ, Àǹtí Sídí, ẹ̀gbọ́n Wàsíù tó ń gbé ní Glenarden, ti sọ tiẹ̀: "Ọdún mẹ́fà tí ẹ ti ṣègbéyàwó, àpò lẹ pọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ yín ń pọn ọmọ." Wàsíù dá a lóhùn pé àpò kì í tọ̀ síni lẹ́yìn.

A háyà ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan pẹ̀lú ẹni tó ń tù ú, ọkùnrin erékùṣù kan tó ń jẹ́ Désímọ̀. Tójúmọ́ bá ti mọ́, a ó di gíláàsì mọ́jú, a ó ki ọ̀pá mímí sẹ́nu, a ó dojú délẹ̀ lórí omi, a ó máa wo àwọn ẹja aláràbarà tó ń jẹ̀ lára àpáta abẹ́ òkun. N kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, Désímọ̀ fi ìwọ̀ mú kúta ńlá kan, ẹja gígùn eléyín mímú yẹn. Ó gé e wẹ́wẹ́ fún wa, ó sì gbé orí rẹ̀ láti jù ú sómi.

"Orí tó tóbi báyìí, a kì í jẹ ẹ́ níbí," ó ní.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nílé bàbá mi n'Íbàdàn, orí ẹja kì í kọjá àwo baálé ilé. Mo sọ fún un pé ní tiwa, ọkọ ló ni orí.

Ó sọ èjìká. "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ lọ́kọ."

Mo fi ata rodo sè é. Wàsíù fa orí náà mu, ojú, ọpọlọ, gbogbo rẹ̀. Èmi jẹ ègé kan níbi ìrù. Désímọ̀ kò fẹnu kàn án, ẹja kéékèèké mìíràn ló jẹ.

Inú ọkọ̀ òfuurufú ni Wàsíù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì lọ́jọ́ kejì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. A ní ìgbì òkun ló ṣì ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ omi, ó ní eyín òun ń mì bíi pé ó fẹ́ jábọ́. Gbogbo ara ń yún un. Kó tó di ìrun Alaasari, ó dìde, ó sì jókòó padà. "Ṣadé, n kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà." Mo gbé e sínú mọ́tò.

Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó ní yàrá ìdúró ilé ìwòsàn. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi, ó ń họ àtẹ́lẹwọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lókè orí wa, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Nígbà tí wọ́n pè wá, nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo aago, ó tún un kà, ó sì sáré pe ẹlòmíràn. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń lù tó ọgọ́ta ìgbà, ó kéré tán, ní ìṣẹ́jú kan. Tirẹ̀ ń lù ní méjìdínlógójì. Ìfúnpá rẹ̀, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan tó ń gbà kọjá, ti lọ sílẹ̀. Wọ́n tì í lọ sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le.

Dókítà bi mí bóyá ó ń lo oògùn olóró. Rárá. Bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, bóyá ibà ni. Rárá. Kí ló jẹ?

"Ẹja."

"Ṣé ẹlòmíràn jẹ nínú rẹ̀?"

"Èmi náà jẹ ẹ́. Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fàlà sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba ẹja. Ọkàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n yẹ ọpọlọ wò, wọ́n fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ọkàn yára. Á yára díẹ̀, á tún rẹlẹ̀. Mo jókòó ti ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀, mo ń wo nọ́ńbà: ogójì, méjìdínlógójì, mẹ́rìndínlógójì.

Àǹtí Sídí gbé yanrìn tó mọ́ wá nínú abọ́ ìjẹun, kí àbúrò rẹ̀ lè ṣe táyámọ́mù, ìwẹ̀nùmọ́ ẹni tí kò lè lo omi. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó fi wọ́n kan yanrìn náà, ó fi wọ́n pa ojú rẹ̀. Yanrìn kò jó o. Lẹ́yìn náà ni Wàsíù wò mí. "Má jẹ́ kí wọ́n sin mí sínú òtútù yìí." Mo jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọjú sógiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ mu omi níbi ẹ̀rọ omi tútù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ètè mi jó, bí ẹni mu tíì gbígbóná. Ètè náà ti ń yún mi láti inú ọkọ̀ Désímọ̀, oòrùn àti iyọ̀ òkun ni mo dá lẹ́bi. Láti ìgbà tí a sì ti dé ilé ìwòsàn, kọfí gbígbóná nìkan ni mo ń mu. Mo tún omi náà mu, bí mo ṣe máa ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún jó mi.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ń pààrọ̀ àpò omi Wàsíù. Mo sọ fún un pé omi tútù ń jó èmi náà. Ó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ erékùṣù lòun náà.

"Ẹja wo lẹ jẹ?"

"Kúta."

"Ó tóbi?"

"Ó tóbi."

"Ta ló jẹ orí?"

Mo nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì.

Ó mí kanlẹ̀. "Nílé tiwa, ológbò la kọ́kọ́ máa ń fún, ká lè mọ̀ bóyá ó dára."

Síguatẹ́rà ni orúkọ àìsàn náà. Májèlé kan ló ń fà á, láti ara ewéko tíntìntín tó ń hù lára àpáta abẹ́ òkun. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, májèlé á máa pọ̀ sí i. Orí, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló máa ń pọ̀ sí jù. Kò ní òórùn, kò ní ìtọ́wò, iná kì í pa á. Ó máa ń da ìmọ̀lára ara rú, débi tí tútù á fi dà bí iná. Èmi àti ọkọ mi jẹ ẹja kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibì kan náà lára rẹ̀.

Dókítà padà wá, ó pa ìlà tó fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi rẹ́. Ó ní kò sí oògùn tó ń pa májèlé náà, ṣùgbọ́n àwọn yóò fa omi kan tí wọ́n ń pè ní mánítọ́ọ̀lù sí i lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà náà di ogójì ó lé mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, ó di àádọ́ta, kò sì rẹlẹ̀ mọ́.

Mo sọ fún Àǹtí Sídí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àǹtí, èmi ni mo fún un ní orí ẹja náà. Wọ́n fẹ́ jù ú nù, mo gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Ó jẹ ojú ẹ̀?"

"Ó jẹ ẹ́, mà."

"Ó fẹ́ràn ẹ̀ láti kékeré." Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Èmi náà ì bá fún un ni, Ìyàwó. Lọ jẹun. Àmọ́ tí ẹ bá tún pọn àpò yẹn lọ síbì kankan, màá dáná sun ún."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Wàsíù lò níbẹ̀. Ìlera kò yára dé. Ó ń wọ ìbọ̀wọ́ kó tó ṣí fìríìjì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fi ń ṣe àlùwàlá. Nígbà tó pé oṣù méjì, mo gbàgbé pé wọ́n ní kó má tíì jẹ ohun inú omi, mo fi edé ṣíbí kan sọ́bẹ̀, ara rẹ̀ sì tún yún fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, tí kò lè so okùn bàtà. Tí irú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ sọ fún dókítà ohun tí olúkúlùkù jẹ, àti ibi tó jẹ lára rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé kò ṣe yín ní nǹkan kan kí ẹ tó bi ara yín léèrè dáadáa.

Mo máa ń rò pé ara ẹni kì í purọ́. Ara Wàsíù purọ́ fún un fún oṣù mẹ́rin ó lé. Ara tèmi sọ òótọ́, èmi ni kò gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara náà tún un sọ kó tó pẹ́ jù.

Ní oṣù Kẹfà, nígbà tí ooru mú, mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Wàsíù ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó yí ẹ̀rọ tútù. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ rẹ̀, kò fà á kúrò. Mo dúró, n kò mí.

"Ṣadé," ó ní, kò wẹ̀yìn. "Ó tutù."