Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Ò Tì Sábẹ́

Ẹsẹ̀ bàbá mi méjèèjì nìkan ni mo ń rí. Gbogbo ìyókù ara wọn ti wọ abẹ́ ọkọ̀, sálúbàtà wọn kan ti bọ́, òòlù sì ń dún gbì, gbì, gbì lára irin tó ti dípẹtà. Ìyá àgbà àti èmi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń já ìdí ata, òórùn rẹ̀ ń ta mí nímú. Bí òòlù bá ti dún, ọwọ́ ìyá àgbà á dúró. Bó bá dákẹ́, wọ́n á tún máa já ata wọn lọ.

Àárọ̀ Sátidé ni, nílé wa ní Ìkòsí, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bàbá mi dàgbà jù mí lọ, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì sì ti kú. Bí a bá ti gun gegele pẹ́nrẹ́n, ìdí ọkọ̀ á máa fò sókè-sódò, orí àwa tá a jókòó sẹ́yìn á sì máa kan òrùlé. Bàbá mi, tó jẹ́ pé bírò àti tábìlì ọ́fíìsì ni iṣẹ́ wọn, ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, wọ́n ní kí ni mẹ́káníìkì fẹ́ ṣe tí àwọn ò lè ṣe. Wọ́n fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀, wọ́n tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀yìn kan, táyà tòun ti irin rẹ̀. Jáàkì ọ̀hún ń jò, kì í dúró pẹ́, wọ́n bá to búlọ́ọ̀kù méjì sábẹ́ ọkọ̀, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tá a mọ fẹ́ǹsì, wọ́n gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀tì òkè tó di ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ mú, nínú búùtù, tú wẹ́rẹ́. Ti ìsàlẹ̀ ló kọ̀, òun ló gbé wọn wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ìyá àgbà yìí ló bí màmá mi. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n fi ta ata ní ọjà Mile 12 kí orúnkún tó dá wọn dúró sílé. Nítorí orúnkún yìí, wọn kì í kúnlẹ̀ mọ́. Àdúrà gan-an, orí àga ni wọ́n ti ń gbà á.

Kí bàbá mi tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ìyá àgbà ti pè wọ́n.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ tẹ́ ẹ tú yẹn sábẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn onílọ́rì ń ṣe ní Mile 12. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ já wálẹ̀, orí ẹ̀ ló máa jókòó lé."

"Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sílẹ̀ níbi tó wà.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A kì í wo ojú àna ká ní rárá. Ẹ̀rín àti ẹ ṣé la fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá àgbà náà ò sì ní pariwo lé ọkọ ọmọ wọn lórí nínú ilé rẹ̀. Wọ́n tún un sọ nígbà tí òòlù bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì. Ó ku díẹ̀." Bàbá mi ò gbọ́ nǹkan kan, òòlù wọn ni wọ́n ń lù.

Lójijì ni ojú ìyá àgbà yí padà. Mo wo ibi tí wọ́n ń wò. Yanrìn ń dà díẹ̀díẹ̀ láti ara búlọ́ọ̀kù, bí ìgbà tí gàárì ń jò nínú àpò tó lu. Ata bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rìn dé ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n di búùtù mú, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ lórí kankéré.

Ìyá ìyàwó ló kúnlẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀!

"Dádì, mo fi orúnkún bẹ̀ yín."

Bàbá mi ti rí orúnkún yẹn láti abẹ́ ọkọ̀. "Hà! Mọ́mì! Ẹ dìde o! Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni?" Wọ́n fi ẹ̀yìn wọ́ jáde, ọ́ìlì ló kún ojú wọn, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá àgbà.

Bí wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, ni búlọ́ọ̀kù fọ́. Kò tilẹ̀ dún púpọ̀. Irin ìdí ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e, ó lu kankéré, ilẹ̀ sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òòlù wà lábẹ́ ibẹ̀, níbi tí bàbá mi sùn sí tẹ́lẹ̀, èèkù rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì. Mo ti tọ̀ sára, mi ò mọ̀.

Bàbá mi ṣì dọ̀bálẹ̀. Wọ́n kàn ń wo òòlù yẹn.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mọ́tò-bọ́ì kan wà tó máa ń bá mi sọ apẹ̀rẹ̀ ata kalẹ̀. Lójú mi báyìí ni lọ́rì tó wà lórí jáàkì já lé e. Ìró mi la fi bò ó." Wọ́n wá na ọwọ́ sí àwa méjèèjì. "Ẹ gbé mi dìde. Mi ò lè dá dìde."

Èmi àti bàbá mi la gbé wọn. Ẹ̀jẹ̀ wà lórúnkún wọn, ti ọ̀tún ò sì dáa mọ́ títí wọ́n fi papòdà. Mẹ́káníìkì ló parí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, a ò mọ gegele mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yìn ín.

Mo ti lọ́kọ, mo sì ní ọkọ̀ tèmi báyìí. Bí ọkọ mi bá ti gbé jáàkì, èmi náà á sọ pé kó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ sábẹ́ ẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "O ṣé, Ìyáàfin Mẹ́káníìkì." Mo mọ irú o ṣé bẹ́ẹ̀. N kì í padà wọlé. Mo máa ń dúró tì í ni, títí á fi tì í sábẹ́. Kò tíì kọ̀ rí. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀, orúnkún tèmi ṣì le, mo sì mọ ibi tí mo máa fi í lélẹ̀ sí.