Ààwẹ̀ tí Péjú Gbà fún Brother Níyọnu

Ìjọ tí Pásítọ̀ Ọláníyọnu ń darí ní Snellville, ní Amẹ́ríkà, fún un ní oṣù mẹ́ta kó fi sinmi, kó fi kàwé, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè sọjí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń wàásù láìdúró. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gun pẹpẹ, kò sì gbọdọ̀ gbé ìpè ọmọ ìjọ kankan. Ó dúpẹ́. Kò sọ fún wọn pé ó ti tó ọdún kan tí òun ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà tí ọ̀rọ̀ kì í wá.

Ní Sọ́ńdè kejì, ó wakọ̀ lọ sí ìjọ Yorùbá kékeré kan ní Clarkston, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Àfi bíi pé kò mọ ìṣe àwọn èèyàn rẹ̀: àlejò kì í rí ibi sá pamọ́ sí nínú ìjọ wa.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ dìde, ká rí yín!"

Wọ́n kọrin fún un, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún un ní káàdì àlejò. Ó kọ Níyọnu, ó kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti ní kó kọ iṣẹ́ tó ń ṣe, bírò dúró. Bó bá kọ pásítọ̀, wọn yóò gbé e lọ síjòókòó iwájú, wọn yóò ní kó wá súre. Ó kọ ọ́ pé òun ń wáṣẹ́.

Ní Sátidé, láago méje àárọ̀, fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Brother Níyọnu. Sister Péjú ni, láti ìjọ Clarkston. Mo rí i nínú káàdì yín pé ẹ ń wáṣẹ́. Ṣé wọ́n ti pè yín fún iṣẹ́ kankan?"

"Wọn ò tí ì pè."

"Wọ́n máa pè. Ẹ má rònú. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Péjú ò tí ì lo ọdún kan ní Amẹ́ríkà. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Lithonia. Àdúrà rẹ̀ ò gùn, kò sì pariwo, ṣùgbọ́n ẹkún wà nínú rẹ̀. Ọláníyọnu ṣe àmín. Ó yẹ kó sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sọ. Láti ọjọ́ pípẹ́, òun nìkan ló pè é tí kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Sátidé mẹ́rin ló fi ṣe àmín bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé karùn-ún, fóònù ò dún. Agogo ẹnu ọ̀nà ló dún. Adéfọlá, ìyàwó rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Ọláníyọnu wà lókè àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́.

"Ẹ kú ilé, ma. Brother Níyọnu ni mo wá rí. Mo gbé ọbẹ̀ wá. Mo tún bá wọn rí iṣẹ́ ní wéáhaòsì kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ lé e lórí."

Adéfọlá rẹ́rìn-ín. "Brother kẹ̀? Àbí ilé ẹlòmíràn lẹ̀ ń wá? Pásítọ̀ Ọláníyọnu ló ń gbé ibí. Ọkọ mi ni."

Ojú ti Ọláníyọnu bí ẹni tí ṣòkòtò já bọ́ nídìí rẹ̀ láàárín agbo. Ó sọ̀ kalẹ̀. Bí Péjú ṣe rí i, ó kúnlẹ̀ tòun ti abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ dárí jì mí, sà! Pásítọ̀ ni mò ń pè ní Brother! Mo tún ń kọ́ yín ní béèyàn ṣe ń gbàdúrà!"

Ìyẹn ló dùn ún jù. Òpùrọ́ wà lórí ìdúró, ẹni tí irọ́ febi pa ló ń tọrọ àforíjì.

"Dìde, Péjú. Èmi ni mo parọ́ fún ọ. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́ látọjọ́ yìí."

Péjú dìde díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ń gbọ́ tí mò ń sunkún, sà. Ẹ sì ń ṣe àmín."

"Mò ń gbọ́."

"Shift mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi ebi ṣe."

Kò gbóhùn sókè. Adéfọlá gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀.

"Mi ò lè dá àdúrà gbà mọ́," ni Ọláníyọnu wí. "Ìyàwó mi gan-an, ìsinsìnyí ló ń gbọ́ ọ."

Péjú wo abọ́ ọbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Adéfọlá.

"Alàgbà Adégbóyèga ní ìjọ wa ló ni wéáhaòsì náà. Wọ́n ti bá àwọn tó ń darí ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí yín. Wọ́n ń dúró dè wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa lọ sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́."

"Rárá. Èmi ni màá lọ sọ ọ́."

"Ẹ wọ bàtà yín nígbà náà, sà."

Péjú wa ọkọ̀ tirẹ̀ ṣáájú. Ọláníyọnu tẹ̀lé e nínú tirẹ̀, ó ń wá gbólóhùn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.